Àfòmọ́ Orí Browser: Ìtàn Àwọn Toolbar Tí A Ò Pè

Ẹni tó bá jẹ́ pé orí fóònù ló ti kọ́kọ́ mọ íntánẹ́ẹ̀tì lè má mọ ohun tí à ń pè ní toolbar. Láyé Internet Explorer, tí ẹ bá ṣí browser lórí kọ̀ǹpútà, ẹ ó rí ibi tí wọ́n ń kọ àdírẹ́sì sí lókè. Lábẹ́ rẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ mìíràn, tí kì í ṣe Microsoft tó ni browser, ti lè wá tẹ́ àtẹ tirẹ̀: àpótí kékeré kan tí ẹ lè fi wá nǹkan, bọ́tìnnì fún ojú ọjọ́, bọ́tìnnì fún géèmù, àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín lóríṣiríṣi. Àtẹ yẹn ni toolbar. Ẹyọ kan ṣoṣo kì í ṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n mo ti rí kọ̀ǹpútà tí toolbar mẹ́fà tò léra wọn lórí rẹ̀, tí ojúewé tí onítọ̀hún fẹ́ kà wá ṣẹ́ kù tíńtín nísàlẹ̀ bí ẹni ń yọjú láti abẹ́ ilẹ̀kùn. Ẹni tó ni kọ̀ǹpútà náà ò sì lè sọ ìgbà tí èyíkéyìí nínú wọn wọlé.

Àwọn àgbà ní àfòmọ́ ò légbò, igi gbogbo ní í bá tan. Bí toolbar ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ara sọ́fítíwíà mìíràn ló máa ń lẹ̀ mọ́ wọlé, orí browser oníbrowser ló ń gbé, owó ìpolówó ọjà ló sì ń jẹ. Tí a bá fẹ́ mọ bó ṣe di àjàkálẹ̀, ó yẹ ká kọ́kọ́ mọ ẹni tó ṣílẹ̀kùn fún un.

Microsoft ló ṣí i. Lọ́dún 1997, nígbà tí Internet Explorer 4 jáde, wọ́n fi ohun kan sínú rẹ̀ tí wọ́n pè ní Browser Helper Object, BHO tí a bá gé e kúrú. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé ẹnikẹ́ni tó bá mọ kọ́ọ̀dù kọ lè kọ olùrànlọ́wọ́ kékeré kan fún browser. Gbàrà tí ẹ bá ti ṣí browser, olùrànlọ́wọ́ yẹn ti jí pẹ̀lú rẹ̀. Gbogbo ojúewé tí ẹ bá lọ, ó ń rí i. Ohun tí ẹ bá tẹ̀ síbẹ̀, ó lè kà á. Ó lè yí ọ̀rọ̀ inú ojúewé padà kó tó dé ojú yín. Browser ò ní bi yín bóyá ẹ gbà kó wọlé, kò sì sí ibì kankan nínú rẹ̀ tí ẹ ti lè rí orúkọ gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀. Ó di ọdún 2004, nígbà tí Microsoft gbé Service Pack 2 jáde fún Windows XP, kí Internet Explorer tó ní ibi tí èèyàn ti lè wo àwọn àlejò wọ̀nyí, kó sì ní kí wọ́n jókòó síta. Ọdún méje gbáko ni ilẹ̀kùn fi ṣí sílẹ̀ láìsí ọlọ́dẹ.

Mi ò rò pé ìkà ló mú wọn ṣe é. Èmi náà ń fi kíkọ sọ́fítíwíà jẹun, mo sì mọ bó ṣe máa ń rí. Tí èèyàn bá ń kọ́ nǹkan tó fẹ́ kí àwọn ẹlòmíì lè fi kún, àwọn ọmọlúàbí ló máa ń ní lọ́kàn. Kì í ro ti olè títí olè á fi dé.

Àwọn tó kọ́kọ́ wọlé, ká sọ tòótọ́, iṣẹ́ gidi ni wọ́n ń ṣe. Brewster Kahle àti Bruce Gilliat dá Alexa Internet sílẹ̀ lọ́dún 1996. Toolbar wọn máa ń sọ fún èèyàn nípa ìkànnì tó wà lórí rẹ̀, òun náà sì ń kó ìròyìn ibi tí àwọn èèyàn ń lọ jọ. Amazon rà wọ́n lọ́dún 1999. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2000 ni Google gbé toolbar tirẹ̀ jáde. Ẹ rántí pé nígbà yẹn, kò sí àpótí ìwárí lókè browser bó ṣe wà lónìí. Tí ẹ bá fẹ́ wá nǹkan, ẹ ní láti kọ́kọ́ lọ sí ìkànnì Google ná. Toolbar yẹn gé ìrìn náà kúrú. Nígbà tó di ọdún 2003, wọ́n fi ohun tó ń dí pop-up kún un, ìyẹn àwọn ìpolówó tó máa ń fò jáde lójijì bí ẹni pé èèyàn tẹ ìdí èèrùn. Ẹni tó bá lo íntánẹ́ẹ̀tì nígbà yẹn á mọ̀ pé ìtura ńlá ni. Èmi fúnra mi ì bá dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó bá fi í sórí kọ̀ǹpútà mi.

Ṣùgbọ́n Google náà kì í ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́ lófo. Ẹni tó bá fẹ́ kí toolbar máa fi ipò tí Google fún ojúewé kọ̀ọ̀kan han òun, àfi kó gbà kí Google máa mọ ojúewé tóun ń lọ. Ní January 2010, olùwádìí kan ní Harvard, Ben Edelman, fi hàn pé toolbar náà ṣì ń fi àdírẹ́sì ojúewé ránṣẹ́ sí Google nígbà tí ẹni tó ni ín ti pa á. Google tún un ṣe. Ẹ fi orúkọ Edelman sọ́kàn, a máa tún bá a pàdé.

Ibi tí owó ti wọ̀ ọ́ ni ọ̀rọ̀ ti dojú rú. Ẹ jẹ́ ká wo bí owó náà ṣe ń rìn, torí tí a ò bá mọ ìyẹn, gbogbo ìyókù á dà bí ìwà wèrè lásán. Ẹnìkan wá òtẹ́ẹ̀lì lórí ẹ̀rọ ìwárí. Ìpolówó jáde lókè, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹni tó ni òtẹ́ẹ̀lì san owó fún ẹni tó ni ìpolówó. Tó bá jẹ́ pé inú àpótí ìwárí alágbàtà kan ni ẹni yẹn ti kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, alágbàtà náà ní ìpín tirẹ̀ níbẹ̀. Ìpín yẹn lè kéré, ṣùgbọ́n ẹ fi í ròpọ̀ mọ́ mílíọ̀nù kọ̀ǹpútà, lójoojúmọ́. Nítorí náà, alágbàtà ń wá bí àpótí rẹ̀ ṣe máa wọ ilé gbogbo ayé. Ó lọ bá àwọn tó ń ṣe sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́, ó ní: ẹ fi tèmi kún tiyín, gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá bá a wọlé, màá sanwó rẹ̀ fún yín.

Tí ẹ bá ra ìrẹsì ní Bódìjà, tí ìyálọ́jà fi èènì lé e, ẹ ó dúpẹ́. Èènì tí à ń sọ yìí yàtọ̀. Ẹ gbé ìrẹsì délé, ẹ tú àpò, ẹ bá àjèjì kan nínú rẹ̀ tó ní òun ni èènì, kó tó di pé ẹ la ẹnu, ó ti yí ojú ilẹ̀kùn ilé yín sí ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá rẹ̀.

Gator wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi èyí lówó. Iṣẹ́ tó ní òun ń ṣe ni pé òun á máa bá yín rántí ọ̀rọ̀ aṣínà, òun á sì máa bá yín kọ fọ́ọ̀mù. Ó máa ń bá Kazaa wọlé, sọ́fítíwíà tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń kó orin nígbà yẹn. Ohun tó ń ṣe lábẹ́lẹ̀ ni pé ó ń gbé ìpolówó tirẹ̀ lé orí ìkànnì àwọn ẹlòmíì. Washington Post àti New York Times wà lára àwọn tó pè é lẹ́jọ́ lọ́dún 2002. Wọ́n yanjú ọ̀rọ̀ náà lọ́dún 2003, ọdún yẹn náà ni Gator pa orúkọ dà, ó di Claria. BonziBuddy náà ń bẹ, ọ̀bọ aláwọ̀ àlùkò tó máa ń rìn lórí kọ̀ǹpútà, tó ń pa àwọn èèyàn lẹ́rìn-ín. Àwọn ọmọdé fẹ́ràn rẹ̀. Òun náà máa ń yí ojúewé àkọ́kọ́ browser padà sí ti ilé-iṣẹ́ tó ni ín láìgbàṣẹ. Lọ́dún 2004, FTC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń dáàbò bo àwọn oníbàárà, gba 75,000 dọ́là lọ́wọ́ wọn torí pé wọ́n ń gba ìròyìn nípa àwọn ọmọdé láìjẹ́ kí òbí wọn gbọ́.

Àwọn wọ̀nyẹn ṣì ń fi ẹ̀rín bojú. CoolWebSearch tó yọjú lọ́dún 2003 ò fi nǹkan kan bojú rárá. Ihò tó wà lára Internet Explorer ló ń gbà wọlé. Tó bá ti wọlé, ojúewé àkọ́kọ́ yín di tirẹ̀, ibi ìwárí yín di tirẹ̀. Ẹ yí i padà, ó tún yí i padà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Kò le tó bí ó ṣe rí lójú. Windows ní ìwé àkọsílẹ̀ ńlá kan tí wọ́n ń pè ní registry. Inú rẹ̀ ni ìlà kan wà tó ń jẹ́ Start Page, àdírẹ́sì tó bá wà lórí ìlà yẹn ni Internet Explorer máa ń ṣí sí. Ẹni tó bá lè kọ nǹkan sí ìlà yẹn ló ni ojúewé àkọ́kọ́ yín. Nítorí náà, wọ́n á fi ẹ̀ṣọ́ kékeré kan sílẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ láìfojú hàn. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mélòó kan, á wo ìlà náà bóyá ẹnìkan ti tún un ṣe, tó bá rí i bẹ́ẹ̀, á dá a padà. Àwọn kan gbọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn ò fọwọ́ kan browser rárá, àwòrán kékeré tí ẹ ń tẹ̀ láti fi ṣí i ni wọ́n lọ kọ àdírẹ́sì wọn sí ìdí rẹ̀. Ẹ yọ sọ́fítíwíà, ẹ fọ browser mọ́ tónítóní, ẹ tún tẹ àwòrán yẹn, ìkànnì wọn náà ló tún ṣí. Àwọn mìíràn lọ bá fáìlì kan tó ń jẹ́ hosts, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé tí ẹ bá ní ẹ fẹ́ lọ sí ìkànnì àwọn tó ń ta oògùn kòkòrò kọ̀ǹpútà, ibòmíràn ni kí kọ̀ǹpútà gbé yín lọ.

Ẹni tó dìde sí CoolWebSearch kì í ṣe ilé-iṣẹ́ ńlá. Akẹ́kọ̀ọ́ ọmọ Netherlands kan ni, Merijn Bellekom. Ó kọ CWShredder fún CoolWebSearch nìkan, òun náà ló sì kọ HijackThis. Mo fẹ́ràn HijackThis gan-an, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Kì í sọ fún yín pé èyí dáa, èyí ò dáa. Ohun tó ń ṣe ni pé á lọ sí gbogbo kọ̀rọ̀ tí olè lè fara pamọ́ sí nínú Windows, á kọ ohun tó bá níbẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. R0 àti R1 jẹ́ ti ojúewé àkọ́kọ́ àti ìwárí. O1 jẹ́ ti fáìlì hosts. O2 ni BHO, O3 ni toolbar. Èèyàn á ka gbogbo rẹ̀ ní ìlà ní ìlà, á máàkì èyí tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, á tẹ bọ́tìnnì, ó parí. Ẹni tí kò bá mọ ohun tó ń ṣe lè fi í ba kọ̀ǹpútà jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà, bí ìgbà tí bàbá tó mọ ìwòsàn bá ń wo ojú aláìsàn ni.

Lọ́dọ̀ tiwa, káfẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ rí wọn. Káfẹ̀ tí wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì wákàtí kan, tí àwọn ọmọ yunifásítì ti ń ṣe overnight. Ẹni mẹ́wàá ló ń jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan lóòjọ́, ẹni kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ń fà nǹkan wálẹ̀ sórí rẹ̀. Mo mọ káfẹ̀ kan tó jẹ́ pé ìṣẹ́jú mẹ́wàá àkọ́kọ́ nínú wákàtí tí èèyàn sanwó fún, pop-up ló máa fi pa. Àwọn oníkáfẹ̀ tó lajú lọ fi Deep Freeze sórí kọ̀ǹpútà wọn. Tí wọ́n bá ti pa á, tí wọ́n tún tàn án, ohun gbogbo á padà sí bó ṣe wà lọ́jọ́ tí wọ́n fi Deep Freeze sí i. Ọ̀nà kan nìyẹn tó dájú láti fi ṣẹ́gun àfòmọ́: kí igi máa di ọ̀tun ní àràárọ̀. Àmọ́ ẹni tó tọ́jú iṣẹ́ rẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà yẹn, tó gbàgbé gbé e lọ, ó di ọ̀túnla kó tó sunkún tán.

Ní Amẹ́ríkà, òfin bẹ̀rẹ̀ sí í jí. Ní November 2006, ilé-iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Zango, tó ti jẹ́ 180solutions tẹ́lẹ̀, gbà láti san mílíọ̀nù 3 dọ́là fún FTC. FTC ní sọ́fítíwíà wọn ti wọ kọ̀ǹpútà ju mílíọ̀nù 70 ìgbà lọ, àwọn èèyàn ò sì mọ ohun tí wọ́n gbà sílé. Lọ́dún 2007, ó kan DirectRevenue, 1.5 mílíọ̀nù dọ́là. Ọ̀kan nínú àwọn kọmíṣánnà FTC, Jon Leibowitz, kọ̀ láti fọwọ́ sí i torí pé owó ìtanràn náà kéré jù sí èrè tí àwọn èèyàn náà ti kó lọ. Èmi gbà pẹ̀lú rẹ̀. Tí wọ́n bá ní kí olè dá ìdá kan padà, kó máa mú ìyókù lọ, owó orí nìyẹn, kì í ṣe ìjìyà.

Ẹ̀kọ́ tí àwọn oníṣòwò yòókù kọ́ nínú ẹjọ́ wọ̀nyẹn kì í ṣe pé kí wọ́n jáwọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ni pé kí wọ́n máa gbàṣẹ. Àti ìgbà yẹn ni àpótí kékeré tí wọ́n ti máàkì sílẹ̀ di ọba. Ẹ ń fi sọ́fítíwíà kan sórí kọ̀ǹpútà, ẹ ń tẹ Next, ẹ ń tẹ Next. Ní ojúewé kẹta, láàárín Next méjì, ọ̀rọ̀ kan wà níbẹ̀ pé ẹ gbà kí toolbar báyìí báyìí wọlé, kó sì di ibi ìwárí yín. Wọ́n ti bá yín máàkì rẹ̀. Tí ẹ ò bá fẹ́, ẹ̀yin lẹ máa yọ ọ́. Tí ẹ bá wá lọ fẹjọ́ sùn, wọ́n á ní: ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ gbà ni?

Ẹni tó fi èyí hàn jù ni Java. Àwọn tó kàwé kọ̀ǹpútà láyé tiwa mọ Java dáadáa, òun ni wọ́n fi kọ́ wa ní kíláàsì. Lójúewé tó ń jáde tí wọ́n bá ń fi í sórí kọ̀ǹpútà, ìyìn ara ẹni ló wà níbẹ̀, pé ẹ̀rọ bílíọ̀nù 3 ló ń lo Java. Ẹ wo irú ilẹ̀kùn tí ìyẹn jẹ́ fún alágbàtà. Sun Microsystems tó ni Java bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Google Toolbar lọ́dún 2005. Lọ́dún 2008, wọ́n bá Microsoft dòwò pọ̀ lórí MSN Toolbar. Oracle ra Sun ní January 2010, nígbà tó sì yá, Ask Toolbar ló wá ń bá Java rìn. Ask yìí náà ni Ask Jeeves àtijọ́ tó bẹ̀rẹ̀ ní Berkeley lọ́dún 1996, tí IAC rà ní 1.85 bílíọ̀nù dọ́là lọ́dún 2005. Ẹ̀rọ ìwárí gidi ni nígbà kan rí, ó ní orúkọ. Ṣùgbọ́n Google ti fi í sẹ́yìn pátápátá, ìpolówó Google fúnra rẹ̀ sì ni Ask ń gbé jáde tó fi ń pa owó.

Ní January 2013, wọ́n rí ihò kan lára Java tí àwọn ọ̀daràn ti ń gbà wọ kọ̀ǹpútà àwọn èèyàn. Ọ̀rọ̀ náà le débi pé ìjọba Amẹ́ríkà gba aráàlú nímọ̀ràn pé kí wọ́n pa Java nínú browser wọn. Oracle sáré gbé àtúnṣe jáde láàárín ọjọ́ mélòó kan. Gbogbo ayé ń pariwo pé ẹ fi àtúnṣe sí i, ẹ fi àtúnṣe sí i kíákíá! Bí àwọn èèyàn bá sì ti ń fi àtúnṣe Java sórí kọ̀ǹpútà wọn, àpótí tí wọ́n ti máàkì sílẹ̀ fún Ask ń dúró dè wọ́n. Oògùn tí dókítà ní kéèyàn mu kó má bàa kú, òun náà ni wọ́n pò mọ́ ọjà.

Nínú oṣù yẹn kan náà ni Ed Bott, oníròyìn ZDNet, àti Ben Edelman wo ohun tí Ask ń ṣe gan-an. Tí Java bá ti wọlé tán, ó máa ń sọ fún yín pé ó ti parí. Ask kò tíì wọlé nígbà yẹn. Ó ń dúró. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló máa fi dúró kó tó wọlé. Kí ló fà á? Ẹni tó bá ṣàdédé rántí pé òun ò yọ máàkì yẹn, tó sáré lọ sí Control Panel láti lọ yọ toolbar kúrò, kò ní bá a níbẹ̀. Á rò pé orí yọ òun. Á padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Nígbà náà ni àlejò á wá wọlé.

Mo ti ka kọ́ọ̀dù tó burú rí, mo sì ti bá àwọn tó kọ ọ́ ṣiṣẹ́. Àṣìṣe ni ọ̀pọ̀ rẹ̀, tàbí ọ̀lẹ, tàbí pé ọ̀gá ń lé wọn. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí kì í ṣe ọ̀kankan nínú wọn. Ẹnìkan jókòó, ó ronú nípa ohun tí èèyàn tí kò fẹ́ ọjà òun máa ṣe, ó sì kọ ohun tó máa fi borí rẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá tún ní àpótí yẹn ni àṣẹ tí ẹ fún àwọn, ìṣẹ́jú mẹ́wàá yìí ni kí ẹ fi dá a lóhùn. Ẹni tí a fún láṣẹ kì í sá pamọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Oracle ò jáwọ́ kíá. Ní March 2015, wọ́n tún gbé Ask dé orí Java fún Mac. Ní June ọdún yẹn, Microsoft kéde pé sọ́fítíwíà tí kò yẹ ni àwọn ẹ̀yà àtijọ́ Ask Toolbar, Windows sì bẹ̀rẹ̀ sí í yọ wọ́n dànù. Oṣù yẹn náà ni Yahoo kéde pé òun àti Oracle ti dòwò pọ̀. Wọ́n yọ Ask, Yahoo bọ́ sípò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ò tán lórí àwọn ọlọ́lá. Èyí tó dùn mí jù ni ti àwọn tí kò gba kọ́bọ̀ nínú rẹ̀, tí wọ́n sì fi orúkọ wọn ṣòwò. Gordon Lyon, tí gbogbo èèyàn mọ̀ sí Fyodor, ló kọ Nmap, irinṣẹ́ tí àwọn onímọ̀ ààbò kọ̀ǹpútà ń lò káàkiri àgbáyé. Ọ̀fẹ́ ni. Ní December 2011, ó pariwo síta pé Download.com, ìkànnì CNET, ti fi sọ́fítíwíà tiwọn wé Nmap. Ẹni tó bá gbà á níbẹ̀, StartNow Toolbar ló máa bá a wọlé, ojúewé àkọ́kọ́ rẹ̀ á di MSN, ibi ìwárí rẹ̀ á di Bing. Ẹni tí nǹkan yìí bá ṣẹlẹ̀ sí, Nmap ló máa bú. CNET tọrọ àforíjì. Wọn ò pa òwò náà tì.

SourceForge wá ṣe èyí tó ya èmi lẹ́nu jù. Ìkànnì yìí nilé àwọn tó ń kọ sọ́fítíwíà ọ̀fẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ibẹ̀ lèèyàn ń lọ tó bá fẹ́ ohun tó mọ́. Nígbà tí Trend Micro, tó ti ra HijackThis lọ́wọ́ Merijn lọ́dún 2007, fẹ́ tú kọ́ọ̀dù rẹ̀ síta fún gbogbo ayé lọ́dún 2012, SourceForge ni wọ́n gbé e sí. Ọdún tó tẹ̀lé e, SourceForge fúnra rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ DevShare, ètò tó ń fi èènì wé sọ́fítíwíà àwọn tó bá gbà bẹ́ẹ̀. Àwọn tó ń ṣe GIMP, sọ́fítíwíà tí wọ́n fi ń tún àwòrán ṣe, kó ẹrù wọn jáde ní November 2013. Ní May 2015, SourceForge ní ojúewé tí GIMP fi sílẹ̀ ti di ahoro, wọ́n gbà á, wọ́n sì ń fi GIMP tó ní èènì nínú fún àwọn èèyàn níbẹ̀ lórúkọ GIMP. Ariwo tó sọ ò kéré. Wọ́n ta SourceForge ní January 2016, àwọn tó rà á sì pa DevShare rẹ́.

Ẹ má rò pé gbogbo èèyàn ló gbà á. Jean-Baptiste Kempf, tó ń darí VLC, tí ó dájú pé ẹ ti fi wo fíìmù rí, ti sọ ọ́ ní gbangba pé wọ́n gbé ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù owó yúrò wá fún òun kí òun lè fi irú nǹkan wọ̀nyí kún VLC. Ó kọ̀. Títí dòní, VLC ò ní toolbar, kò ní ìpolówó.

Owó tó wà nínú òwò yìí ga tó bẹ́ẹ̀ tí apá kan Israel fi gba orúkọ ìnagijẹ, Download Valley, torí iye ilé-iṣẹ́ irú rẹ̀ tó wà níbẹ̀. Babylon bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1997 pẹ̀lú ìwé atúmọ̀ èdè tó dára gan-an: ẹ tẹ ọ̀rọ̀ kan, ìtumọ̀ rẹ̀ jáde. Nígbà tó yá, toolbar rẹ̀ ni àwọn èèyàn wá mọ̀ ọ́n sí, pẹ̀lú èpè. Conduit bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2005, ó ń bá ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ ṣe toolbar lórúkọ tirẹ̀. Lọ́dún 2012, JPMorgan fi 100 mílíọ̀nù dọ́là sínú rẹ̀, iye tí wọ́n fi díye lé ilé-iṣẹ́ náà ju bílíọ̀nù kan dọ́là lọ. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Google kọ̀ láti bá Babylon tún àdéhùn ṣe, Conduit náà sì ṣètò láti kó apá toolbar rẹ̀ lọ bá ilé-iṣẹ́ mìíràn, Perion. Ibi tí omi ti ń ṣàn wá ni wọ́n ti dí i.

Browser náà ló sì pa wọ́n níkẹyìn. Chrome tó jáde lọ́dún 2008 ò fi àyè kankan sílẹ̀ fún toolbar lókè. Firefox 8, ní 2011, bẹ̀rẹ̀ sí í pa gbogbo ohun tí sọ́fítíwíà mìíràn bá gbé wọlé títí ẹni tó ni browser á fi ní òun fẹ́ ẹ. Ní May 2014, Chrome orí Windows ní extension tí kò bá ti inú ọjà Google wá ò gbọdọ̀ wọlé mọ́. Firefox 57 ní 2017 pa irú extension tó lè gbé toolbar dúró rẹ́ pátápátá. Iṣẹ́ dáadáa ni, mi ò ní purọ́ mọ́ wọn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ẹni tó dúró nígbà tí eruku lọlẹ̀. Nínú ẹjọ́ tí ìjọba Amẹ́ríkà pe Google, ó hàn síta pé lọ́dún 2021 nìkan, Google san 26.3 bílíọ̀nù dọ́là kí òun lè jẹ́ ẹ̀rọ ìwárí tí browser àti fóònù àwọn ẹlòmíì máa kọ́kọ́ lò. Apple nìkan gba bíi 20 bílíọ̀nù lọ́dún 2022. Ní August 2024, Adájọ́ Amit Mehta dájọ́ pé Google ti fi ọ̀nà tí kò bófin mu di ọ̀gá kan ṣoṣo nínú ọjà ìwárí. Ìlà kan náà tí CoolWebSearch ń jí, òun ni wọ́n ń fi bílíọ̀nù rà. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ ni pé ẹni tó ṣe fóònù ni wọ́n bá dúnàádúrà, kì í ṣe ẹni tó rà á.

Àwọn jàǹdùkú náà ò sì tíì kú tán, inú extension ni wọ́n kó lọ. Tí ibi ìwárí yín bá ṣàdédé yí padà lórí Chrome, ẹ kọ chrome://extensions sí ibi àdírẹ́sì, kí ẹ yọ ohun tí ẹ ò mọ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó lọ tún ibi ìwárí ṣe nínú Settings. Tí ẹ bá kọ́kọ́ tún ibi ìwárí ṣe, tí ẹ̀ṣọ́ wọn sì ṣì wà nínú ilé, á tún yí i padà. Tí ó bá jẹ́ orí Windows, ẹ wo ìdí àwòrán tí ẹ fi ń ṣí browser náà pẹ̀lú. AdwCleaner, tí Malwarebytes rà lọ́dún 2016, ṣì ń ṣe iṣẹ́ yìí lọ́fẹ̀ẹ́. Ìkànnì Malwarebytes fúnra rẹ̀ ni kí ẹ ti gbà á o, kì í ṣe ibòmíì.

Google Toolbar kógbá wọlé ní December 2021. Alexa pa ilé tì ní ọjọ́ 1 oṣù May 2022. Ní ọjọ́ 15 June ọdún yẹn, Microsoft fi Internet Explorer tì. Ṣùgbọ́n nínú Edge, browser tó rọ́pò rẹ̀, wọ́n fi ètò kan sí i tó ń jẹ́ IE mode, fún àwọn ilé-iṣẹ́ tí sọ́fítíwíà wọn àtijọ́ ò lè ṣiṣẹ́ lórí nǹkan mìíràn. Toolbar ò lè wọ ibẹ̀ mọ́, àmọ́ BHO ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Microsoft ti ṣèlérí pé, ó kéré tán, ó di ọdún 2029 kí òun tó pa á.